Kìnnìún tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú àhámọ́: ṣé ìyà ni, àbí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?

Olùkọ́ kan láti Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló kọ̀wé sí wa. A gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá oníṣòwò kan wà ní àgbègbè wa tó ń sin kìnnìún sí ẹ̀yìn ilé ọtí rẹ̀. A kó àwọn ọmọ iléèwé lọ wò ó. Láti ìgbà tí a dé títí a fi kúrò, ẹranko náà kò jókòó. Ó ń rìn láti igun kan dé èkejì, ibì kan náà ló ti ń yí orí padà, kò wo ẹnikẹ́ni. Bó bá ń yípo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá náà ní ara rẹ̀ le, pé inú àhámọ́ ni wọ́n bí i sí, kò mọ igbó, kò sì lè máa ṣe àárò ohun tí kò mọ̀. Kílò 5 ẹran adìẹ oníyìnyín ló ń jẹ lójúmọ́. Bàbá fẹ́ wá abo fún un, kí ó ra ilẹ̀, kí ó sọ ibẹ̀ di sáfárì tí èèyàn á máa fi mọ́tò wọ̀. Àwọn ọmọ bi mí pé kí ló dé tí wọn kò tú u sílẹ̀ kí ó máa lọ sí igbó Pendjari ní àríwá ilẹ̀ wa. N kò rí èsì fọ̀. Ṣé ìyà ló ń jẹ ẹ́ lóòótọ́? Kí ló yẹ kí a ṣe?”

Ẹ kú àkíyèsí, olùkọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró níwájú irú ilé irin bẹ́ẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á máa lọ. Ẹ̀yin wo ẹsẹ̀, ẹ sì wo orí. Ohun mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú ìbéèrè yín: ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ìrìn tí kò dáwọ́ dúró, àti ibi tó yẹ kí ẹranko náà wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ṣáájú, nítorí òun ni kò lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Kílò 5 lójúmọ́ kì í ṣe oúnjẹ kékeré. Bí a bá pín ohun tí kìnnìún ń jẹ nínú igbó sí ojúmọ́, abo ń jẹ tó kílò 5, akọ ń jẹ tó 7, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè wà fún ọjọ́ mélòó kan láìfẹnu kan nǹkan, kí ó tó wá jẹ kílò 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ebi kọ́ nìyẹn. Irú ẹran tó ń jẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Adìẹ oníyìnyín tó ń gba Kútọnu wọlé, bó bá jẹ́ àyà tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, tàbí iwe lásán, ẹran ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ kìnnìún. Bí kìnnìún bá pa ẹran nínú igbó, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, á jẹ awọ, á sì rún egungun tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Nínú 100 gíráàmù ẹran lásán, kálísíọ́mù kò ju bíi mílígíráàmù 10 lọ, nígbà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń lọ sí bíi 200. Ohun tí ara ń fẹ́ ni kí kálísíọ́mù fi díẹ̀ pọ̀ ju fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nígbà tí kò bá rí i lójú ọpọ́n, inú egungun ara rẹ̀ ni yóò ti máa yọ ọ́. Lára èyí tó ṣì ń dàgbà, kì í pẹ́ hàn rárá: egungun á rọ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀, okùn ọ̀pá ẹ̀yìn á há, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ lè fò sílẹ̀ láti orí ohun tí kò ga ju àga lọ, kí itan rẹ̀ ṣẹ́.

Fítámì A náà lè fa irú ẹsẹ̀ yìí bí kò bá tó. Ìdílé ológbò, ńlá àti kékeré, tí kìnnìún wà nínú rẹ̀, kò lè sọ àwọ̀ inú kárọ́ọ̀tì tàbí epo pupa di fítámì A bí ara tiwa ti ń ṣe, nítorí náà ẹni tó bá ń da epo pupa sórí ẹran kìnnìún kan ń fi epo ṣòfò ni. Inú ẹ̀dọ̀ ẹran ló ti ń rí i. Ọmọ kìnnìún tí kò bá rí i tó, egungun agbárí rẹ̀ á nípọn, á sì máa tẹ ọpọlọ ẹ̀yìn: á máa gbọ̀n, á máa gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa na imú sókè láìnídìí. Àìsàn ajá tí wọ́n ń pè ní distemper náà máa ń mú ẹsẹ̀ àti ara gbọ̀n. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra lójú ẹni tó bá dúró síta. Fọ́tò egungun, ìyẹn rédíò, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè là wọ́n, èmi kò sì lè fi lẹ́tà ṣe iṣẹ́ rédíò. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú oúnjẹ tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, egungun ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Àtúnṣe oúnjẹ kò wọ́n, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n máa fún un ní ẹran tó ní egungun nínú, ní tútù: odindi adìẹ, ìhà màlúù, ejìká àti orí ewúrẹ́ pẹ̀lú awọ rẹ̀. Egungun sísè tàbí yíyan kò gbọdọ̀ dé ẹnu rẹ̀, nítorí iná máa ń jẹ́ kí ó ṣẹ́ ṣóńṣó, á sì gún ìfun. Ẹ̀dọ̀ dára, àmọ́ àpọ̀jù rẹ̀ ń ba egungun jẹ́ pẹ̀lú. Nínú kílò 35 ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀dọ̀ má ju kílò kan àbọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹran aláìlégungun bá di dandan, kí wọ́n fi lẹ́bú kálísíọ́mù kábónéètì gíráàmù 5 sí 10 pa kílò ẹran kọ̀ọ̀kan. Èèpo ẹyin tí a sè, tí a sá gbẹ, tí a lọ̀ kúnná, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, síbí kékeré kan sì tó bíi gíráàmù 5. Kí wọ́n má ṣe rẹ ẹran oníyìnyín sínú omi kí ó lè tètè yọ́, torí táúrìnì tí ọkàn àti ojú ológbò kò lè ṣe aláìní máa ń bá omi náà lọ. Kìnnìún àgbà tí ara rẹ̀ dá lè lo ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú omi nìkan, ó tiẹ̀ ń ṣe é láǹfààní, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dán an wò lára èyí títí dókítà ẹranko á fi rí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú: egungun tó bá ti tẹ̀ kò ní padà nà. Oúnjẹ tuntun á dá ìbàjẹ́ dúró, ìrora á lè dínkù, àmọ́ ẹranko náà lè máa tiro títí ayé rẹ̀.

Bàbá á fẹ́ wá ẹran olówó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ sì ni ewu ti ń wọlé. Ní Sriracha ní ilẹ̀ Thailand ní 2004, wọ́n fún táígà ní adìẹ tútù tó ti kó àrùn ẹyẹ H5N1. 147 ló kú tàbí tí wọ́n ní láti pa. Ní Vietnam ní 2024, àrùn kan náà pa táígà 47. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà ti rí àrùn yìí láàárín adìẹ. Nítorí náà, adìẹ tó bá kú fúnra rẹ̀ nínú oko kan, bí wọ́n tiẹ̀ fi tọrẹ, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni màlúù tó ṣubú lulẹ̀ tó kú tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó pa á, nítorí anthrax, àrùn tó ń pa ẹran àti èèyàn.

Ó wá ku ìrìn. Bàbá ní ẹni tí kò mọ igbó kò lè ṣàárò igbó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n àárò kọ́ là ń sọ. Kìnnìún ń yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, ó ń fi imú wá ẹni tó kọjá, ó ń tọ̀ sára igi láti fi àmì lélẹ̀. Wọn kì í kọ́ ọ. Ó bá a wáyé ni. Ẹni tí wọ́n bí sínú yàrá mítà 4 sí 4 ní gbogbo ìfẹ́ yẹn lára, kò sì rí ibi lò ó sí. Ní 2003, Ros Clubb àti Georgia Mason ní Oxford fi oríṣiríṣi ẹranko ajẹran wéra: àwọn tí ilẹ̀ wọn gbòòrò jù nínú igbó ló ń rìn lọ rìn bọ̀ jù nínú àhámọ́, àwọn náà ni ọmọ wọn sì ń kú jù. Síbẹ̀, ẹ má ṣe ka gbogbo ìrìn sí àìsàn. Bí ó bá ń rìn ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí oúnjẹ tó dé, tó sì jókòó lẹ́yìn tó jẹun tán, ó ń retí oúnjẹ ni. Bí kìnnìún bá ń rìn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo kìnnìún ayé ń sùn (ẹranko yìí lè sinmi fún wákàtí 20 lójúmọ́), tí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dán lórí sìmẹ́ńtì, tó ń yí orí padà níbi kan náà bí ẹ ṣe kọ ọ́, tí pípè kò sì dá a dúró, wàhálà ti wọlé nìyẹn. Bí ìrìn yìí bá ti pẹ́ lára, ó lè má kúrò tán mọ́, kódà bí ibùgbé bá dára. Dídínkù rẹ̀ ni à ń lépa.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń dín in kù ni ibi ìsápamọ́, òun sì ni àwọn tó ń sin kìnnìún máa ń gbàgbé jù, nítorí àlejò sanwó láti rí i. Ilé irin tí ojú èèyàn ń dé láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í jẹ́ kí ẹranko sinmi. Kí wọ́n fi màrìwò híhun tàbí pákó dí ẹ̀gbẹ́ méjì pátápátá, láti ìta, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní dé e. Kí wọ́n kan pákó nínípọn sókè bíi mítà kan àbọ̀ kí ó máa dùbúlẹ̀ lé e, àmọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ gbígbọ̀n yìí, kí ó má ju ìwọ̀n orúnkún lọ báyìí, pẹ̀lú àtẹ̀gùn. Lórí sìmẹ́ńtì, ìgúnpá rẹ̀ á bó, á wú, á di egbò tí kì í jinná. Yẹ̀pẹ̀ tàbí koríko gbígbẹ tí wọ́n ń pààrọ̀ ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Òrùlé páànù nìkan kò tó ní oṣù kẹta. Kí ewé ọ̀pẹ wà lórí páànù náà, kí omi mímọ́ má sì wọ́n níbẹ̀ tọ̀sántòru. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́: ìtì igi tó lè fi èékánná ya, ẹran tí wọ́n so kọ́ tó gbọ́dọ̀ fà kó tó já, páálí tí wọ́n fi ẹran pamọ́ sí nínú, efinrin tútù tí wọ́n fi ra òkúta kan, koríko tí ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le ti sùn lé. Nǹkan kan náà lójoojúmọ́ kò wúlò. Bó bá di ọjọ́ kẹrin, kò ní wò ó mọ́.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo máa kọ́kọ́ wò bí mo bá débẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Yàrá méjì ló yẹ kí kìnnìún ní, pẹ̀lú ilẹ̀kùn fífà láàárín tí wọ́n ń fà láti ìta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibi tó wà rí. Èèyàn méjì ni kí ó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹnì kejì máa fi ọwọ́ kan àgádágodo fúnra rẹ̀ kí ẹnì kìn-ín-ní tó wọlé gbálẹ̀. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún 9. Ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, òmíràn pa olùtọ́jú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní ilẹ̀kùn tí kò tì ló fà á. Nítorí náà, “ó mọ̀ mí” kì í ṣe àgádágodo. Kí ọgbà kékeré mìíràn wà ní ìta ilé irin, ó kéré tán mítà kan àbọ̀ sí i, kí ọwọ́ ọmọdé má bàa dé e. Ọmọ kékeré tó ń sáré, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí i, ẹran ọdẹ ló jọ lójú kìnnìún.

Nípa abo àti sáfárì, èrò mi le díẹ̀. Òótọ́ ni pé kìnnìún ń fẹ́ ẹgbẹ́, kò dà bí ẹkùn tó ń dá gbé, nítorí náà ohun tí bàbá rò kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹnìkejì lè ṣe é lóore, bí wọ́n bá fi ara mọ ara wọn díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn irin fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí wọn kò sì ní bímọ. Ibi bíbí yìí gan-an ni ọ̀nà ti ń wọ́. Oyún kìnnìún kò ju bí ọjọ́ 110 lọ, ọmọ 2 sí 4 ló wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá sì gba ọmọ kúrò lẹ́nu ọmú kí àlejò lè gbé e ya fọ́tò, abo á tún tètè gba akọ. Ọdún mẹ́ta ò ní pé kí méjì tó di mẹ́wàá. Ọmọ tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà á sì ti ya èèyàn lára kó tó pé ọmọ oṣù mẹ́fà. Níbo ni á lọ? Ní Gúúsù Áfíríkà, ìdáhùn ìbéèrè yìí di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìnnìún inú ọgbà, ìbọn olówó tó fẹ́ yìn ín nínú ọgbà, àti òwò egungun, títí ìjọba ibẹ̀ fi kéde ní 2021 pé àwọn fẹ́ fòpin sí i. Bí abo bá wọlé, kí dókítà fi deslorelin, oògùn tí kì í jẹ́ kí abo lóyún, sábẹ́ awọ rẹ̀, tàbí kí ó gé okùn àtọ̀ akọ. Kí wọ́n má ṣe tẹ akọ lọ́dàá, nítorí irun ọrùn rẹ̀ á re.

Sáfárì tí a ń fi mọ́tò wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Longleat ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Ohun tí àlejò ń rí níbẹ̀ ni koríko àti kìnnìún tó na ara. Ohun tí kì í rí ni ilé alẹ́, níbi tí ẹranko náà lè lo ju ìdajì ọjọ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ béèrè pé kí wọ́n mú yín lọ bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sáfárì kan dára. Ilẹ̀ ńlá nìkan kì í sì í wo ìrìn lọ rìn bọ̀ sàn. Kìnnìún lè ní hẹ́kítà mélòó kan kó sì máa rìn létí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń jáde. Sáfárì ń fẹ́ ọgbà irin tó ga tó mítà 3 ó kéré tán, tí orí rẹ̀ tẹ̀ sínú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà méjì tí ọ̀kan kì í ṣí nígbà tí èkejì bá ṣí. Mọ́tò àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú ọgbà ní gbogbo ìgbà. Àti dókítà tó ní ìbọn oorun. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò oúnjẹ nìkan. Bí ó bá ń jẹ kílò 5 fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kílò 30 nìyẹn, ó sì jẹ́ 1,560 lọ́dún. Bí kílò bá jẹ́ 2,500 sẹ́fà, ó di 3,900,000 lórí kìnnìún kan, kìnnìún sì lè pé ọdún 20 nínú àhámọ́. Lójú mi, kí bàbá fi owó ilẹ̀ yẹn sọ ilé irin yìí di ibùgbé gidi fún ọ̀kan yìí, kí ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ má ṣe bínú sí àwọn ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ Pendjari. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń bèèrè rẹ̀. Kìnnìún tí èèyàn tọ́ kì í bẹ̀rù èèyàn, nítorí náà bí ebi bá pa á, abúlé ni yóò kọjú sí, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wá lójú tirẹ̀. Àwọn kìnnìún tó ni ilẹ̀ lè pa á kó tó débẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ gbígbọ̀n kò sì lè lé àgbọ̀nrín bá. Èyí tó burú jù ni àìsàn tó lè gbé lọ: ní Serengeti ní 1994, distemper láti ara ajá abúlé pa tó ìdá kan nínú mẹ́ta kìnnìún ibẹ̀. Àwa kò ní kìnnìún tí a lè fi ṣeré bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé kìnnìún àgbà tó kù ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò pé 250, inú igbó W, Arly àti Pendjari, ní ààlà Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso àti Niger, ni ọ̀pọ̀ wọn sì wà. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀yà kan pẹ̀lú ti àríwá Áfíríkà àti Íńdíà, wọ́n yàtọ̀ sí ti gúúsù àti ìlà-oòrùn. Púpọ̀ nínú kìnnìún àhámọ́, ẹ̀yà ti gúúsù tàbí àdàlù ni wọ́n. Kò sí òṣìṣẹ́ Pendjari kan tó máa gbà á, òótọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọgbà ìtọ́jú tí kò ń bímọ tí kò sì ń tà ló sún mọ́ ohun tí àwọn ọmọ ní lọ́kàn. Ní 2016, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó kìnnìún 33 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn sẹ́kọ̀sì, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹranko dárà fún òǹwòran, ní Peru àti Kòlóḿbíà lọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn ọ̀daràn fi májèlé pa méjì nínú wọn níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí náà kí ẹ má pè é ní párádísè. Ó ń gba owó, ó ń gba ìwé CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó) láti ilẹ̀ méjèèjì, ó sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí rédíò bá fi hàn pé ọ̀pá ẹ̀yìn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe tí ìrora kò sì gbọ́ oògùn, kí dókítà fi abẹ́rẹ́ sùn ún lọ tọwọ́tọwọ́ dára ju kí wọ́n gbé e la òkun kọjá lọ.

Ní tiyín, mo rò pé kí ẹ má ṣe kó ọmọ lọ mọ́ títí oúnjẹ, ibi ìsápamọ́ àti ọgbà ìta á fi yí padà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá ní ìtùnbí-ìnùbí, torí owó àbẹ̀wò ni etí rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó ní ìwé àṣẹ àwọn Eaux et Forêts, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó àti ẹranko, àti ìwé ibi tí ẹranko náà ti wá. Kí ẹ tó lọ, ẹ tọrọ àyè kí ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì bó ṣe ń rìn, ẹ̀ẹ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan láti ẹ̀yìn. Ẹ ya ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ ya oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Kí àgbà kan jókòó níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ó máa kọ ohun tí kìnnìún ń ṣe sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: ó ń rìn, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹun, ó ń wo ìta. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko kó tó gbéra wá, kí ó lè mọ̀ bóyá ó máa nílò rédíò alágbèéká àti oògùn oorun lọ́jọ́ àkọ́kọ́.